Ọ̀fọ̀ Ìyàwó Dókítà Thorncombe

                                        88 Templewood Road N.E.,
                                        Calgary, Alberta,
                                        Canada.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 1987.

Tàíbátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Fàósátù ńkọ́? Fàósátù fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń fi ẹnu dáhùn tí wọ́n bá pè é, àbí ṣe ló ṣì ń mi orí síni bíi baálẹ̀? Màmá ńkọ́, orúnkún tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Mo mọ̀ pé òjò á ti máa rọ̀ dáadáa ní Ìkìrun báyìí, àgbàdo tútù á sì ti jáde. Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ kú ọdún tó kọjá, Ọlọ́run á gbà á ní ìbádà. Bí o bá ń béèrè tèmi, ara mi le koko, mo tilẹ̀ ti sanra sí i. A ò rí snow mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn nìkan tó ọpẹ́ lọ́tọ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo ka ibi tí o ti ní Bàbá mi máa ń yà sílé ìwé rẹ ní ọjọọjọ́ Jímọ̀ láti béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kankan ti dé láti Kánádà, pé wọn kì í bínú, wọ́n á kàn ní kò burú, wọ́n á sì máa fi ọ̀pá wọn wá ọ̀nà lọ sílé. Ó dùn mí gan-an. Ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì yẹn kò jẹ́ kí wọ́n lè kàwé mọ́, ọmọ ará ilé kejì ló sì ń bá wọn ka lẹ́tà mi. Ohun tí kò jẹ́ kí n kọ̀wé sí wọn láti ọdún tuntun ni pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ṣeé sọ, irọ́ kò sì ṣeé pa fún Bàbá. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọn ò tíì sọ fún ní Ìkìrun pé Adélọ́lá ń bọ̀ wálé pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé. Oyè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, wá ibì kan jókòó, ìròyìn ayọ̀ ni mo ń mú bọ̀. Mi ò kàn ní dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, torí pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ló dùn jù.

O mọ̀ pé ìgbésí ayé Dókítà Josiah Thorncombe ni mo ń kọ ìwé lé lórí láti ìgbà tí mo ti dé ibí. O bi mí nígbà kan pé ta ni í ṣe, mo kàn dá ọ lóhùn pé òyìnbó kan ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa lónìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1718, iṣẹ́ ìbọ̀wọ́ rírán ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ó wá fìdí kalẹ̀ sí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Wexcombe. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń kọ̀wé ní gbogbo ìgbà tó bá ti ráyè. Ó kọ ìwé lórí ibà, ó kọ ìwé ìrìn àjò, ó tún kọ ewì gígùn kan tí kò tíì sí ẹni tó kà á parí, èmi náà ò kà á parí. Oníjà ni pẹ̀lú. Dókítà mìíràn kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Crake, ọ̀rọ̀ tíì ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn. Thorncombe ní tíì máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ èèyàn di omi, Crake ní irọ́ ni, ni wọ́n bá ń tẹ ìwé pélébé pélébé jáde tí wọ́n fi ń bú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Hester, ìyàwó Thorncombe fúnra rẹ̀, kò wá yé mu tíì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lójú ọkọ rẹ̀ báyìí. Bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé nínú gbogbo àwọn tí òun ń tọ́jú, ìyàwó òun nìkan ni kì í gbọ́ ti òun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Tàíbátù. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì.

Basement ni mo ń gbé, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Titus Akínbámi àti ìyàwó wọn, Àǹtí Fúnmiláyọ̀. Ẹnjiníà ni Ẹ̀gbọ́n Titus ní ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì, nọ́ọ̀sì ni Àǹtí Fúnmi. Wọn ò jẹ́ kí n máa dá jẹun. Tí oúnjẹ alẹ́ bá ti jinná, wọ́n á fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lókè gbì gbì, ìyẹn ni pé kí n máa bọ̀. Tí mo bá sì ti jókòó sídìí oúnjẹ, ẹnu mi kì í dákẹ́. Màá ní Dókítà tún ti gbé ìwé tuntun jáde. Màá ní ẹsẹ̀ Dókítà tún ti wú, kò lè ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Àǹtí Fúnmi á ní, "Ẹ̀yà, sọ fún un kó máa elevate ẹ̀ tó bá ti jókòó." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń bá mi ṣe, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín. Àṣé àwọn rò pé Dókítà Thorncombe ni olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì, pé ó wà láàyè, pé ó wà ní Calgary níbí, pé ẹsẹ̀ ń dà á láàmú nínú òtútù.

Olùkọ́ mi gan-an, obìnrin ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Haldane. Ó ní kí n máa pe òun ní Ruth, ẹnu mi kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ta ni màá pè ní Ruth, ẹni tó dàgbà ju ìyá mi lọ? Nígbà tí Kérésìmesì kù díẹ̀, ó pè mí wọlé, ó ní òun ti ka gbogbo ohun tí mo kọ. Ó ní mo mọ ọdún tí wọ́n bí Thorncombe, mo mọ àwọn ìwé tó kọ àti ẹni tó bá a tẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n òun ò rí èèyàn kankan nínú iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ máa gbé e yẹ̀ wò lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, àti pé tí kò bá yí padà, wọ́n á ní kí n dáwọ́ dúró, kí n máa lọ sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí mo gbé wá. Kò jágbe mọ́ mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo mọ òwe náà, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí.

Ó di ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kìn-ín-ní. Snow ti bo fèrèsé basement pátápátá, iná mànàmáná ni mo fi ń ríran lọ́sàn-án gangan. Mo wá dé ibi tí Hester ti kú nínú ohun tí mo ń kọ. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó kú, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1723, ibo ló fẹ́ wà? Mo kọ ọ́ ní ìlà kan péré, pé ìyàwó rẹ̀ kú nínú oṣù kọkànlá, ọdún 1761. Mo wo ìlà náà títí. Mo rí i pé òótọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Haldane sọ, ni mo bá bú sẹ́kún. Bóyá Hester ni mo ń sunkún lé lórí, bóyá oyè mi ni, mi ò lè yà á sọ́tọ̀. Ẹnu ẹkún náà ni mo wà tí wọ́n fi kan ilẹ̀ lókè. Nígbà tí mo gòkè, Àǹtí Fúnmi wo ojú mi, wọ́n ní kí ló dé. Mi ò lè sọ ti yunifásítì. Mo ní, "Ìyàwó Dókítà kú, àǹtí. Hester ti lọ." Mo padà sísàlẹ̀ láìfọwọ́ kan oúnjẹ.

Ìwọ náà mọ àwọn èèyàn wa. A kì í gbọ́ ikú ká jókòó sílé. Bí mo ṣe ń lọ sùn ni Àǹtí Fúnmi ti ń tẹ fóònù, láti ilé kan dé ìkejì, pé ìyàwó olùkọ́ Adélọ́lá kú, pé ọmọ náà ò jẹun. Ẹ̀gbọ́n Titus wá orúkọ Thorncombe nínú ìwé tẹlifóònù ìlú yìí látòkè délẹ̀ kí wọ́n lè mọ ilé tí wọn á ti lọ kí i, wọn ò rí i. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń fi nọ́ńbà wọn pamọ́. Gbogbo èyí ń lọ lọ́wọ́ lókè orí mi, èmi ò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti bọ́ bàtà òtútù sílẹ̀ lókè, aṣọ dúdú wà lọ́rùn wọn, ojú gbogbo wọn fà ro. Ìyá Bámgbóyè ló ṣáájú. Ìyá àgbà ni wọ́n, Abíọ́dún ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló mú wọn wá láti Abẹ́òkúta kí wọ́n wá bá òun tọ́jú ọmọ tuntun. Abíọ́dún tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́ínmọ́ín, Ẹ̀gbọ́n Titus àti Àǹtí Fúnmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú Níkẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n kún basement mi fọ́fọ́. Àwọn kan jókòó sórí ibùsùn, àwọn kan lé orí àpótí ìwé. Èmi rò pé ìlú wa ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀, pé Bàbá mi ni wọ́n fẹ́ sọ. Àyà mi já, Tàíbátù.

Ìyá Bámgbóyè di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Adélọ́lá, a gbọ́. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ẹni, ara ẹni ni. Wọ aṣọ òtútù rẹ, kí o mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá náà, a ò lè jẹ́ kó dá nìkan jókòó."

Mo ní bàbá wo. Àǹtí Fúnmi ní Dókítà Thorncombe nìyẹn. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kò sí níbí. Ẹ̀gbọ́n Titus ní ṣé wọ́n gbé òkú lọ sílùú wọn ni. Nígbà tí mo rí i pé kò sí ibi tí mo lè sá gbà, mo ní ọdún 1761 ni obìnrin náà kú, ọkọ rẹ̀ náà sì ti kú tipẹ́, ìwé ìtàn ni mo ń kọ nípa wọn.

Àǹtí Fúnmi ló kọ́kọ́ fèsì. "Seventeen kí ni? So gbogbo àdúrà tí mo ti ń gbà lórí ẹsẹ̀ man yẹn since October ńkọ́?" Níkẹ́, ọmọ wọn, ní, "I knew. His picture's in her book, he has a wig. Nobody asked me." Ẹ̀gbọ́n Titus bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, wọ́n di ògiri mú. Abíọ́dún ní òun ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá òun fún ọjọ́ Ajé nítorí ìsìnkú. Gbogbo wa wá ń rẹ́rìn-ín, èmi náà, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ irú omi tó jẹ́.

Ìyá Bámgbóyè nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì jáwọ́ lára ọwọ́ mi. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n ní ta ló wà nílé nígbà tí obìnrin náà ń kú lọ. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ọmọ mélòó ló fi sílẹ̀, mo ní mẹ́ta. Wọ́n ní ta ló bọ́ àwọn ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ta ló wá kí ọkọ rẹ̀, ta ló jókòó tì í, mo ní mà, ìwé ò sọ. Wọ́n wò mí, àánú mi ló ń ṣe wọ́n, wọn ò bínú rárá. Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí o ti ń bá ọkùnrin yìí gbé, o ò tíì kí i kú ọ̀fọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó ti ń dùn mí. Nídìí oúnjẹ lókè, bàbá náà wà láàyè lẹ́nu mi débi pé àwọn èèyàn ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ìwé mi, mo ti pa á. Mo rò pé bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń kọ̀wé nìyẹn, pé kò yẹ kéèyàn béèrè ohun tí a máa ń béèrè nílé ọ̀fọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti tú ọ̀rọ̀ yunifásítì sílẹ̀ fún wọn, gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Haldane sọ. Àǹtí Fúnmi ní kí ló dé tí n ò sọ látọjọ́ yìí. Ìyá Bámgbóyè ní kí wọ́n ṣí kúlà. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, a jẹ ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín ọ̀fọ̀ Hester títí kò fi ṣẹ́ kù. Nígbà tó kan àdúrà, Ẹ̀gbọ́n Titus ní àwa kì í gbàdúrà fún òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Ìyá ní ta ló ní kí ẹ gbà á fún òkú, ẹni tó ń kọ̀wé ni kí ẹ gbà á fún.

Mo padà sídìí ìwé tí Thorncombe kọ lórí ibà. Mo ti kà á láìmọye ìgbà, ibà ni mo sì ń wá nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Ó sọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dárúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn àti oògùn tó fún wọn ló máa ń kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, bíi ẹni tó lọ kí ni nílé ọ̀fọ̀ ni mo ṣe kà á. Mo ń béèrè lọ́wọ́ ìwé náà pé ta ló wà ńlé, ta ló se oúnjẹ. Mo wá dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan, ẹni ọdún méjìdínlógójì, oṣù kọkànlá ọdún 1761. Ó ní obìnrin náà ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ó ní ó béèrè bóyá àwọn ọmọ ti jẹun alẹ́, òun sì dá a lóhùn pé wọ́n ti jẹ. Ó ní òun fún un ní tíì mu, nítorí pé ó béèrè fún un.

Mo dìde lórí àga. Thorncombe, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bú tíì. Kò sí aláìsàn mìíràn nínú ìwé náà tó fún ní tíì, ọ̀kan ò sí. Mo ti ka tíì yẹn rí, mo kà á mọ́ àwọn oògùn yòókù, àwọn tó ka ìwé náà ṣáájú mi náà sì ń kà á bẹ́ẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni pé Dókítà C. wá, ó sì wà pẹ̀lú wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní dókítà kejì tí wọ́n pè kó wá bá wọn wo àìsàn ni. Ṣùgbọ́n Tàíbátù, láti ọdún yẹn lọ, Thorncombe àti Crake ò tún kọ ìwé bú ara wọn mọ́. Àwọn tó kọ ìtàn wọn ní ó ti sú wọn ni. Èmi ní ta ni yóò tún bú ẹni tó jókòó ti òun lóru tí ìyàwó òun kú? Mo gbá orí tábìlì, mo fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà gbì gbì, Àǹtí Fúnmi sáré sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rò pé mo ṣubú. Mo ní, "Àǹtí, ọ̀tá rẹ̀ ló wá kí i." Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Crake tí mo ti ń bá a yan odì." Inú wọn dùn bíi pé wọ́n rí ẹ̀gbọ́n wọn tó sọnù.

Mo tún orí ìwé tí Hester ti kú nínú rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fi ohunkóhun kún un tí kò sí nínú ìwé bàbá náà, mo kàn kọ ọ́ bíi ẹni tó mọ̀ wọ́n ni. Mo fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Haldane. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, chinook ń fẹ́, atẹ́gùn gbígbóná kan tó máa ń ti orí àwọn òkè wá níbí, snow ti di omi ní gbogbo títì, fóònù dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Haldane ni. Ó ní òun ń kà á nínú train, òun gbàgbé sọ̀ kalẹ̀ níbi tí òun ti máa ń sọ̀, train gbé òun dé Anderson tó jẹ́ ìparí ọ̀nà. Ó ní òun ò bínú sí i. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ náà nìyẹn o, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dára. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ìgbìmọ̀ gbà pé kí n máa bá a lọ, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ tí màá wá gbèjà iṣẹ́ mi níwájú àwọn olùdánwò.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá lọ́hùn-ún ni, bóyá ẹran ọdún ṣì wà lẹ́nu yín ní Ìkìrun. Wọ́n jókòó sí iwájú mi, èyí tí mo sì ń bẹ̀rù nínú wọn ni bàbá arúgbó kan tó ti Edmonton wá. Òun náà ti kọ̀wé lórí Thorncombe rí, ó kọ ọ́ pé ọlọ́kàn líle ni, torí pé kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó gbé ìwé mi sókè, ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé Hester ni obìnrin inú ìwé ibà náà. Ó ní ṣé torí ife tíì kan ni. Mo sọ ọ́ fún un pé mi ò lè búra. Mo ní ọjọ́ orí bára mu, oṣù bára mu, kò sì sí aláìsàn mìíràn tó sọ oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo wá ní, "Níbi tí mo ti wá, tí ikú bá ṣẹlẹ̀ nílé kan, à ń lọ síbẹ̀, a ó sì béèrè ẹni tó wà nílé. Ìbéèrè yẹn ni mo béèrè lọ́wọ́ ìwé rẹ̀. Mo gbà pé ó dá mi lóhùn."

Bàbá náà ń ṣí ìwé náà síwájú, ó ń ṣí i sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè mí padà, òun ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò tíì gbà tán, ó ní dandan ni kí n kọ "ó ṣeé ṣe" ṣáájú gbólóhùn tí mo ti ní Hester ni. Mo ní mo gbọ́ sà. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, kí n jọ̀ọ́ bọ òun lọ́wọ́, Dókítà Ládélé.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Àwọn èèyàn mi ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, aṣọ òkè ló wà lọ́rùn wọn lọ́tẹ̀ yìí, kúlà wà nílẹ̀. Ojú mi nìkan ni wọ́n rí tí Àǹtí Fúnmi fi pariwo, ẹnì kan yọjú látinú ọ́fíìsì wò wá. Ìyá Bámgbóyè ò béèrè oyè. Wọ́n ní ṣé wọ́n gbà pé ìyàwó rẹ̀ ni. Mo ní wọ́n gbà á dé àyè kan, mà. Wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Haldane jáde wá bá wa, Abíọ́dún bu ìrẹsì fún un, ó dúró jẹ ẹ́ níbẹ̀ láìlo àga, ata ń ta á, kò sì gbé e sílẹ̀. Bàbá Edmonton náà jẹ mọ́ínmọ́ín méjì. Inú mi dùn débi tí mi ò lè ṣàlàyé, Tàíbátù. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń jí láàárọ̀, màá kàn dùbúlẹ̀, màá máa rẹ́rìn-ín sí àjà ilé.

Bá mi kí Bàbá Fàósátù, bá mi kí Màmá, kí o fi ọwọ́ ra orí Fàósátù fún mi. Àǹtí Fúnmi ní kí n kí ọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n Titus náà ń kí ọ. Kí gbogbo àwọn tíṣà ilé ìwé rẹ.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Mi ò kọ lẹ́tà sí Bàbá lórí èyí, ìwọ nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kan jókòó síwájú wọn kó máa tò ó pọ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Má sì dúró de ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n wá bá ọ. Lọ sílé wọn. Wọ́n á bu omi fún ọ, mu ún. Wọ́n á béèrè bóyá lẹ́tà dé, fi èyí sílẹ̀ nínú àpò rẹ. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé Adélọ́lá ti gba oyè náà, pé ó ń bọ̀ wálé nínú oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà, tí wọn ò bá sọ̀rọ̀, má tíì dìde. Bá mi jókòó tì wọ́n.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí ojú rẹ,

Adélọ́lá Ládélé